Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó Lẹ́nu Iṣẹ́

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí a ti gbúròó ara wa gbẹ̀yìn. Iṣẹ́ ìdánwò àti àyẹ̀wò ìwé àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni kò jẹ́ kí n ráyè. Lónìí, mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ń múra àtijáde máa ń bi mí lọ́dọọdún. Wọn a wá bá mi ní ọ́fíìsì, wọn a kí mi tán, wọn a ní: "Ọ̀gá, a fẹ́ kí ẹ kọ́ wa bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́." Bí mo bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ mọ̀ gan-an, èsì wọn kì í yàtọ̀. Àwọn kan fẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì wọn dán mọ́rán. Àwọn mìíràn ń wá ọ̀rọ̀ ńláńlá tí wọn yóò fi wú àwọn agbanisíṣẹ́ lórí.

Kò sí ohun tó burú nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ọ̀rọ̀ sísọ sì ni iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun. Síbẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo tí n kò sọ tán fẹ́rẹ̀ẹ́ gba bàbá mi lọ́wọ́ mi. Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé inú rẹ̀ ni mo ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí.

Ọmọ Ìlawẹ̀-Èkìtì ni mí. Ẹni tó bá ti Adó-Èkìtì gba apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn lọ ni yóò kàn wá. Ìlú wa ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì. Ìgbàrà-Odò àti Ògòtún wà lára àwọn ìlú tí a jọ wà nínú rẹ̀. Aláwẹ̀ ni oyè ọba wa. Nígbà tí mo wà ní kékeré, abẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó ni a wà, nítorí pé ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996 ni wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Kò sí fóònù nínú ilé wa nígbà náà. Bí ìyá mi bá fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ àwa ọmọ ni fóònù wọn.

Oníṣòwò èlùbọ́ ni ìyá mi. Wọn kì í sọ iṣẹ́ tí wọ́n bá rán ni tán kí wọ́n sì jẹ́ kí ó lọ bẹ́ẹ̀. Wọn a di ọwọ́ mi mú, wọn a ní: "Tún un sọ kí n gbọ́." Èmi náà a sì kà á padà: "Ẹ ní kí n sọ fún wọn pé kí wọ́n fi kóńgò mẹ́ta pamọ́ dè yín. Ẹ ó san owó méjì lọ́jà tó ń bọ̀, ẹ ó san owó ẹ̀kẹta lọ́jà tó tẹ̀ lé e." Bí mo bá fo ibì kan, a ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Mo kórìíra àṣà yìí púpọ̀, pàápàá nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ti ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìnkùlé. Lọ́jọ́ kan, mo fi ìkanra dáhùn pé, "Ó ti yé mi, Màmá." Wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní: "N kò bi ọ́ bóyá ó yé ọ. Ohun tó wà lẹ́nu rẹ ni mo fẹ́ gbọ́."

Nígbà tí mo wọ yunifásítì, mo rò pé mo ti kúrò nídìí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa ìlò-èdè ni mo fẹ́ràn jù, òwe kan sì wà tí n kì í fi í ṣeré nígbà tí èmi náà di olùkọ́: àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Mo máa ń sọ fún kíláàsì mi pé òwe yìí fi hàn pé àwọn baba wa ti mọ̀, kí ìwé tó dé, pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò ju ìdajì ohun tí à ń sọ lọ, àti pé olùgbọ́ ni ó ń fi ọgbọ́n orí tirẹ̀ parí ìyókù. Mo sì máa ń fi í yangàn. N kò ronú rí nípa ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí olùgbọ́ bá fi ìdajì mìíràn parí rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, mo mú bàbá mi lọ sí ilé-ìwòsàn kan nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo oògùn kan láràárọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ náà kò wálẹ̀ tó bí ó ti yẹ. Dókítà kọ oògùn tuntun fún wọn. Ó ṣàlàyé fún mi ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé oògùn àtẹ̀yìnwá wà nínú tuntun yìí pẹ̀lú oògùn mìíràn tí wọ́n pò mọ́ ọn, nítorí náà tuntun yìí ni yóò rọ́pò rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ yé mi yékéyéké. Nígbà tí a délé, mo kó o lé bàbá mi lọ́wọ́, mo ní: "Bàbá, oògùn tuntun nìyí o. Ẹ máa lo ẹyọ kan láràárọ̀, bí ẹ bá ti jẹun tán." Mo béèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" Wọ́n ní, "Ó yé mi dáadáa, ọmọ mi." Mo padà sí ẹnu iṣẹ́ mi lọ́jọ́ kejì.

Ọjọ́ karùn-ún ni ìyá mi pè mí. Bàbá mi dìde lórí àga láàárọ̀, òòyì kọ́ wọn, wọ́n ṣubú lulẹ̀, wọ́n sì fi iwájú orí gbá etí ìlẹ̀kùn. Ẹ̀jẹ̀ bò wọ́n lójú. Nígbà tí àwọn ará ilé gbé wọn dé ilé-ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ tí a ń sọ pé ó ń ru ti wálẹ̀ kọjá ibi tó yẹ kó dé. Mo wakọ̀ lóru ọjọ́ náà, n kò sì mọ bí mo ṣe débẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò le. Láràárọ̀, bàbá mi ń lo tuntun, wọ́n sì ń lo ti àtẹ̀yìnwá pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí ara wọn balẹ̀, mo bèèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n dá mi lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n ní: "O ní kí n máa lo èyí. O kò ní kí n má lo tọ̀hún mọ́." Ìyá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Wọn kò bá mi wí. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Ṣé o ní kí wọ́n tún un sọ?" N kò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ẹ jẹ́ kí a yẹ gbólóhùn mi wò. Mo ní, "Ẹ máa lo èyí." Bí mo bá ti sọ pé "Èyí ni kí ẹ máa lò," ọ̀rọ̀ ì bá yí padà. "Ni" tó jẹ́ ọ̀rọ̀ oní-lẹ́tà méjì yẹn ni a fi ń ṣe gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́. Òun ni ó ń ya ohun kan sọ́tọ̀ kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó sọ pé "Mo ra iṣu" lè ra ẹ̀wà pẹ̀lú. Ẹni tó ní "Iṣu ni mo rà" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé ẹ̀wà jáde. Odindi orí kan nínú ìwé àpilẹ̀kọ tí mo fi gboyè ọ̀mọ̀wé ló dá lórí irú gbólóhùn yìí. Mo kọ ọ́, wọ́n yẹ̀ mí wò lórí rẹ̀, wọ́n sì kí mi kú oríire. Ọjọ́ tí mo nílò rẹ̀ fún bàbá mi gan-an ni kò sí lẹ́nu mi.

Ẹ tún wo ìbéèrè mi: "Ṣé ó yé yín?" Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀-ìṣe "gbọ́" rù ẹrù púpọ̀. Etí ni a fi ń gbọ́ ariwo. À ń sọ pé ènìyàn gbọ́ Faransé bí ó bá mọ èdè náà. Ọmọ tó bá ń gba ìmọ̀ràn ni a ń sọ pé ó ń gbọ́ràn. "Mo gbọ́" lè jẹ́ èyíkéyìí nínú wọn. "Yé" ni tirẹ̀ yàtọ̀. A kì í sọ pé ènìyàn yé ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ni ó ń yé ènìyàn. Ọ̀rọ̀ ni olùwà gbólóhùn náà. Ó dà bí ẹni pé èdè fúnra rẹ̀ ti sọ fún wa pé ọrùn ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ ni ẹrù náà wà. Nígbà tí a bá fẹ́ kí méjèèjì pé, a ó so wọ́n pọ̀, a ó ní "Bí mo bá gbọ́ yín yé." Ṣùgbọ́n bí a bá kàn bi àgbàlagbà pé "Ṣé ó yé yín?", èsì kan ṣoṣo ló wà tí kò ní kó ìtìjú bá ẹnikẹ́ni, òun ni "Bẹ́ẹ̀ ni." Bàbá mi kò purọ́. Ọ̀rọ̀ yé wọn. Ọ̀rọ̀ tó yé wọn ni kò bá èyí tó wà lọ́kàn mi mu.

Lẹ́yìn ìgbà náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti rí nípa irú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2010, àwọn oníwádìí kan ní Bronx ní ìlú New York gbé àbájáde ìwádìí jáde nípa àwọn ìwé pélébé tí kọ̀ǹpútà ilé ìtajà oògùn ń túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Sípáníìṣì. Nínú ìwé 76 tí wọ́n yẹ̀ wò, ìdajì ló ní àṣìṣe. Ọ̀kan nínú ewu tí wọ́n tọ́ka sí ni ọ̀rọ̀ "once" tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ẹ̀ẹ̀kan. Lójú ẹni tó ń ka Sípáníìṣì, mọ́kànlá ni.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti ọdún 1977. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún náà, ọkọ̀ òfurufú ńlá méjì, ọ̀kan ti ilé-iṣẹ́ KLM ti ilẹ̀ Netherlands, èkejì ti Pan Am ti Amẹ́ríkà, forí sọ ara wọn ní pápákọ̀ òfurufú Los Rodeos ní erékùṣù Tenerife, tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Sípéènì. Ènìyàn 583 ló kú. Kùrukùru bolẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀yà ọkọ̀ kankan tó bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ ni ó bàjẹ́. Àwọn awakọ̀ KLM sọ gbólóhùn kan tó lè túmọ̀ sí pé àwọn ti wà níbi tí wọn yóò ti gbéra, tó sì tún lè túmọ̀ sí pé àwọn ti ń gbéra lọ. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kan gbà pé gírámà èdè Dutch tí wọ́n ń sọ nílé ló yọ́ wọnú Gẹ̀ẹ́sì wọn. Ẹni tó ń darí ọkọ̀ fi "OK" bẹ̀rẹ̀ èsì rẹ̀, ó sì fi kún un pé kí wọ́n dúró de òun. Lákòókò kan náà ni àwọn Pan Am ń sọ pé àwọn ṣì wà lójú ọ̀nà. Ohùn méjèèjì dí ara wọn lórí rédíò, "OK" nìkan ló sì dún ketekete sétí àwọn KLM. Ẹ ò rí nǹkan! Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n gbọ́, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n ń retí parí rẹ̀.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí ọmọ Yorùbá kò gbọdọ̀ fojú fò. Ẹlẹ́rọ tó wà nínú ọkọ̀ KLM fura. Ó béèrè bóyá Pan Am kò tíì kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá awakọ̀, ẹni tó jẹ́ olùkọ́ àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí gbogbo ilé-iṣẹ́ náà sì ń bu ọlá fún, dáhùn pẹ̀lú ìdánilójú pé ó ti kúrò. Ẹlẹ́rọ náà kò tún ọ̀rọ̀ sọ mọ́. Àgbà ti sọ̀rọ̀.

Láti ìgbà náà ni òfin rédíò àwọn awakọ̀ òfurufú ti le sí i. Wọn kì í dárúkọ ìgbéra mọ́ àyàfi nígbà tí wọ́n bá ń fúnni láṣẹ láti gbéra tàbí nígbà tí wọ́n bá ń fagi lé àṣẹ náà. Ẹni tí wọ́n bá sì fún ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, "OK" kò tó. Ó gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ tún àṣẹ náà sọ kí ẹni tó pa á láṣẹ gbọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kékeré bí wọn yóò ṣe máa bi ọ̀gá wọn ní ìbéèrè, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọ̀gá bí wọn yóò ṣe máa gbọ́. United Airlines ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1981. Nígbà tí mo ka gbogbo èyí tán, mo rántí ọwọ́ ìyá mi tó di ọwọ́ mi mú. Ohun tí ẹ̀mí 583 fi kọ́ àwọn onímọ̀ ọkọ̀ òfurufú, nítorí kóńgò èlùbọ́ mẹ́ta ni ìyá mi ṣe ń ṣe é ní Ìlawẹ̀.

Ẹnì kan lè wá bi mí pé: níwọ̀n ìgbà tí ìyá rẹ ti kọ́ ọ, kí ló dé tí o kò fi ṣe é fún bàbá rẹ? Òtítọ́ ni pé ojú ń tì mí. Ìyá lè sọ fún ọmọ pé kó tún ọ̀rọ̀ sọ. Ọmọ wo ni yóò pàṣẹ fún bàbá rẹ̀ pé, "Ẹ tún un sọ kí n gbọ́"? Ìdánwò ni ọ̀rọ̀ náà máa jọ lójú wọn. Òwe yẹn náà sì wà ńlẹ̀: bí àbọ̀ ọ̀rọ̀ bá tó ọmọlúàbí, ẹni tí a bá ní kó tún odindi rẹ̀ sọ, kí ni a pè é?

Nọ́ọ̀sì kan ni ó tú mi sílẹ̀ nínú ìdè yìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dá bàbá mi sílẹ̀, mo ti bá wọn sọ ọ́ tán, mo sì ti fi "ni" sí i dáadáa: "Bàbá, èyí ni kí ẹ máa lò." Ọkàn mi balẹ̀. Ọmọdébìnrin náà, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ, wá síbi ibùsùn, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó kó páálí oògùn méjèèjì sórí àtẹ́lẹwọ́, ó ní: "Bàbá, ẹ má bínú o. Ara mi ni mò ń yẹ̀ wò, kí n mọ̀ bóyá mo ṣàlàyé dáadáa. Bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́, tí ẹ jẹun tán, èwo lẹ ó mú nínú èyí?" Bàbá mi na ọwọ́ sí tuntun. Inú mi dùn. Wọ́n sì fi kún un pé, "Èyí àtijọ́, mo ti sún un di alẹ́, kí méjèèjì má baà pàdé. Owó ni a fi rà á, ọmọ mi."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, òógùn bò mí. Pẹ̀lú gbogbo gírámà mi, bàbá mi ìbá tún ṣubú. Wọn kò lè gbà pé ó yẹ kí ènìyàn da ohun tó fi owó rà nù, nítorí náà wọ́n wá ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ mi yóò fi bá ti owó wọn mu. Kò sí gbólóhùn, bó ti wù kó gún régé tó, tó lè fi èyí hàn mí. Àfi kí ó ti ẹnu bàbá mi fúnra wọn jáde. Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín, ó gba páálí àtijọ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín tọ́jú èyí síbí, Bàbá. Inú tuntun ni òun náà wà." Ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ kíyè sí ohun tí ó ṣe. Kò dá bàbá mi wò. Ara rẹ̀ ni ó ní òun ń dán wò, bàbá mi sì di olùrànlọ́wọ́ rẹ̀. Kò béèrè bóyá ó yé wọn; ó béèrè ohun tí wọn yóò ṣe. Ó sì tẹ orúnkún kí ó tó ya ẹnu.

Ọ̀wọ̀ kò fi ibì kan ṣoṣo ṣe ilé nínú èdè wa, ẹ̀ka-èdè tiwa gan-an sì ni ẹ̀rí. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka-èdè Èkìtì kì í lo arọ́pò-orúkọ ọlọ́pọ̀ láti fi bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo bí Yorùbá àjùmọ̀lò ṣe ń lo "ẹ" àti "wọ́n." Ọmọdé lè lo ti ẹnì kan fún àgbà láìsí ìbínú; ìdọ̀bálẹ̀, ìkúnlẹ̀, ìkíni àti orúkọ ìbátan ni ó ń gbé ọ̀wọ̀ náà. Ọmọ ìlú wa kan tó kọ́kọ́ ríṣẹ́ ní Ìbàdàn mú èyí dé ọ́fíìsì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún ọ̀gá rẹ̀, ó wá ní "O káàárọ̀, Bàbá." Gbogbo ọ̀wọ̀ tó wà lára rẹ̀ ni ó fi hàn, ọ̀gá náà kò sì gbọ́ ju "o" lọ. Ó tó oṣù mẹ́ta kí ẹnì kan tó là á yé ara wọn. Bí ọ̀wọ̀ bá lè wọ oríṣiríṣi aṣọ báyìí, kò sí ohun tó ní kí a má rán aṣọ tuntun fún "Tún un sọ kí n gbọ́."

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ohun tí mo ní fún yín kò pọ̀.

Èkínní, bí wọ́n bá pè yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tí ìbéèrè kan sì rú yín lójú, ẹ má ṣe sáré dáhùn. Ẹ ní, "Bí mo bá gbọ́ yín yé, ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ni báyìí-báyìí." Ẹni tó bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ tún ìbéèrè ọ̀gá sọ láìṣì í ti fi hàn pé òun yóò jíṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán an.

Èkejì, bí ọ̀gá bá rán yín níṣẹ́, ẹ má fi "Ẹ ṣeun, sà" jáde. Ẹ kọ́kọ́ kà á padà: ohun tí ẹ ó ṣe, ọjọ́ tí yóò parí, ẹni tí ẹ ó fún. Bí ó bá jẹ́ orí fóònù ni, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú tẹ̀ lé e. Bí ẹ̀yin bá sì di ọ̀gá, ẹ má bi àwọn ọmọ iṣẹ́ yín bóyá ó yé wọn. Ẹ bi wọ́n pé, "Ibo lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀?"

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣọ́ra fún iye àti ọjọ́. "Ẹ lo mẹ́ta lójúmọ́" lè di mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà; "ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́" kò lè ṣini lọ́nà. Nígbà tí mò ń kọ́ ọgbà sí ilé wa ní Ìlawẹ̀, mo sọ fún bíríkìlà ní ọjọ́ Ajé pé kó padà wá ní ọjọ́ márùn-ún òní. Ọjọ́ Ẹtì ni ó dé pẹ̀lú lébìrà méjì, kò sì bá sìmẹ́ńtì nílẹ̀, nítorí pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mò ń retí rẹ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi. Ìṣirò àwọn baba wa ni ó lò, tí à ń ka ọjọ́ òní mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí ọjà tí à ń pè ní ọrún fi ń wáyé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Èmi fi ti ilé-ìwé kà á. Owó iṣẹ́ ọjọ́ kan ni mo san fún un láìṣe iṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń dárúkọ ọjọ́, mo sì máa ń jẹ́ kí ẹni náà dárúkọ rẹ̀ fún mi.

N kò sọ pé kí ẹ sọ òwe àbọ̀ ọ̀rọ̀ nù. Láàárín ọ̀rẹ́, nínú àwàdà, nígbà ìbínú, níbi tí odindi ọ̀rọ̀ ti lè ba ilé jẹ́, ìlò rẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ̀mí, owó tàbí orúkọ ẹlòmíràn bá ti wà lórí ọ̀rọ̀ wa, ẹ jẹ́ kí a sọ odindi, kí a sì dúró gbọ́ odindi padà. Ìgbà yẹn ni a tó lè sọ pé a ti sọ̀rọ̀.

Bàbá mi ṣì wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Olódùmarè. Àpá kan wà níwájú orí wọn tí mo máa ń rí nígbàkigbà tí mo bá dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Mo máa ń pè wọ́n lórí fóònù lọ́jọọjọ́ Àìkú. Bí mo bá ní ohun kan láti sọ nípa oògùn tàbí owó tí mo fi ránṣẹ́, n kò tíì ní parí rẹ̀ tí wọn yóò fi dá mi dúró, tí wọn yóò ní: "Ó tó báyìí. Jẹ́ kí n tún un sọ kí o gbọ́." Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín ìyá mi lẹ́yìn wọn.

Ó dìgbà kan ná. Ire o.